Ibi Tí Mo Fi Àwọ̀ Ewé Kùn ní Bàrígà

Ohun tó kọ́kọ́ dùn mí ní Èkó ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ. Ká ní èdè wọn ṣókùnkùn sí mi ni, ǹ bá ti gbà pé àjèjì ni mí, ǹ bá sì fara balẹ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ, Yorùbá ni èmi náà gbọ́ lẹ́nu ìyá mi ní Sàkété. Síbẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo la ẹnu ní Bàrígà, obìnrin tó ń ta búrẹ́dì yíjú sí ẹnì kejì rẹ̀, ó ní, "Àgànyìn ni." Mo ní rárá, mo ní Sàkété ni mo ti wá. Ó ní, "Ṣebí ọ̀hún náà ni. Kútọnu." Ó fún mi ní búrẹ́dì mi, ó sì ń bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ.

Nílé wa, lékọ́ọ̀lù la ń pe ilé ìwé, nítorí àwọn Faransé tó kọ́ ọ. Àwọn ọmọdé àdúgbò gbọ́ ọ lẹ́nu mi lẹ́ẹ̀kan péré, ó di orúkọ mi. Bí mo bá ń kọjá ní Ladi-Lak, wọ́n á máa pè mí, "Lékọ́ọ̀lù, Lékọ́ọ̀lù." Mi ò bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó sọ ọ́, mo sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí dòní. Èdè tí ènìyàn ní láti máa wò kó tó sọ ọ́, mi ò mọ̀ bóyá a ṣì lè pè é ní tẹni.

Iṣẹ́ ló lé mi kúrò nílé. Mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń wọn ilẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí kò jìnnà sí Sàkété. Èmi ni mo ń bá a ya àwòrán ilẹ̀ sórí bébà, kí àwọn tó fẹ́ kọ́lé lè mọ ààlà wọn. Nígbà tí nǹkan le, tí kò sẹ́ni tó ń kọ́lé mọ́, ọ̀gá ti ilẹ̀kùn pa. Wọ́n ní Èkó dùn, wọ́n ní epo rọ̀bì ń mówó wá níbẹ̀, wọ́n ní ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọ́lé. Mo wá dé lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá. Àwọn ológun ti gba ìjọba. Epo kò mówó wá mọ́, wọ́n ń lé òṣìṣẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́gọọ́gọ́rùn-ún, àwọn ènìyàn ń tò fún ṣúgà àti ọṣẹ, sójà sì dúró tì wọ́n pẹ̀lú kòbókò kí ìlà má baà wọ́.

Ẹni tó gbà mí sílé ni Ìyá Ẹbùn. Ìlàjẹ ni, láti etí òkun Òndó, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún nígbà náà. Ọkọ rẹ̀ ti kú sómi, Ẹbùn ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì ti lọ sílé ọkọ ní Sàpẹ́lẹ̀. Ilé pákó rẹ̀ dúró lórí òpó létí ọ̀sà, ààrò tó fi ń yan ẹja sì wà lẹ́yìn ilé lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Yàrá tí Ẹbùn fi sílẹ̀ ló fún mi. Èéfín ti kun ògiri yàrá náà dúdú, aṣọ mi kò sì ní òórùn mìíràn mọ́ ju ti ẹja yíyan lọ.

Nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn, Ìyá Ẹbùn á gbàgbé pé Èkó lòun wà, á máa sọ èdè Ìlàjẹ, èmi náà á máa fi ti Sàkété dá a lóhùn. A kì í gbọ́ ara wa tán, ṣùgbọ́n a máa ń rẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ fún un pé ojú ń ti mí láti sọ̀rọ̀ níta, á ní, "Ta ló bí ẹnikẹ́ni síbí nínú wa? Gbogbo wa la wá bá ọ̀sà."

Lọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan ni mo ti ń sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ wò ó.

Mo rí iṣẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ ọwọ́ mi gan-an sì ni. Ọ̀gá Bánkọ́lé, ẹni tó gbà mí síṣẹ́, ti bá ìjọba ṣètò ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún: ibi tí ilé yóò wà, ibi tí ọjà yóò wà, ibi tí omi yóò gbà. Nígbà tí wọ́n ń dá òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n dá òun náà dúró. Ó wá gba yàrá méjì lókè ilé ìtẹ̀wé kan ní Fọlá Agoro, ó sì ń ṣe iṣẹ́ kan náà fún ìjọba kan náà gẹ́gẹ́ bí agbaṣẹ́ṣe. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà nísàlẹ̀ máa ń mi tábìlì wa láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń fa ìlà láàárín ìgbà tí ẹ̀rọ bá mì àti ìgbà tó bá tún máa mì.

Iṣẹ́ ńlá tí wọ́n gbé fún un lọ́dún náà ni ètò gbogbo ilẹ̀ láti Ṣómólú dé etí ọ̀sà, àti àwọn ìletò tó tẹ̀ lé e lọ lẹ́bàá omi. Lọ́dọọdún ni omi ń wọ ilé àwọn ènìyàn. Àwọn igi tó máa ń hù nínú ẹrọ̀fọ̀ etí ọ̀sà, tó ń gba ìlú lọ́wọ́ omi, ti ń tán lọ, nítorí pé àwọn tó ń yan ẹja ń gé wọn dáná. Ìjọba fẹ́ dá igi náà padà, kí wọ́n gbin igi ìdáná síbòmíràn, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún omi kí omi má baà wá gba ti ènìyàn. Ọ̀gá máa ń sọ pé, "Bí a ò bá ṣe é báyìí, àwọn ọmọ wa ni yóò máa lúwẹ̀ẹ́ wọ yàrá wọn."

Mo gbà á gbọ́. Mo ṣì gbà á gbọ́ dòní, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí. Ì bá rọrùn fún mi ká ní ètò burúkú ni.

Àwọ̀ ni iṣẹ́ mi. Bébà náà fẹ̀ tó ẹní tí ènìyàn méjì lè sùn lé. Àwọ̀ ìyeyè ni mo ń fi kun ibi ilé gbígbé, pupa ni ti ọjà, àwọ̀ eérú ni ti ilé iṣẹ́, àwọ̀ ewé sì ni ti igi. Ọ̀gá fi ìka rẹ̀ tọ etí ọ̀sà lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Rántí, ibi tó bá ti jẹ́ àwọ̀ ewé, kò sẹ́ni tó ń gbébẹ̀."

Wọ́n ti ti ẹnubodè pa nígbà yẹn, wọ́n ní nítorí àwọn onífàyàwọ́. Sàkété kò jìnnà, ká ní mọ́tò ń kọjá ni, ǹ bá jáde láàárọ̀ kí n sì jẹun ọ̀sán nídìí ààrò ìyá mi. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù nìkan ló ṣẹ́ kù. Ràfíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ń ṣiṣẹ́ nílé ìfìwéránṣẹ́ ní Àjàṣẹ́. Mo máa ń rán àwọn tó ń gba inú igbó kọjá sí i, kó bá mi mú ìyá mi wá lọ́jọ́ tí a bá dá. Lọ́jọ́ náà, mo máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì nílé tẹlifóònù títí wọn yóò fi pe orúkọ mi, nígbà míràn ọjọ́ á rọ̀ láìpè é.

Lọ́jọ́ kan wọ́n pè é.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" ìyá mi ló ń béèrè.

"Èmi ni, Màámi. Ẹ kú àárọ̀. Bàámi ńkọ́?"

"Ó wà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wú. Ó ń béèrè rẹ."

"Ẹ sọ fún un pé bí wọ́n bá ti ṣí ẹnubodè báyìí, mò ń bọ̀."

"Mo ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un." Ó tún bi mí, "Iṣẹ́ wo lò ń ṣe níbẹ̀ gan-an?"

"Mò ń kun àwòrán ilẹ̀, Màámi. A fẹ́ mọ ibi tí ènìyàn yóò gbé àti ibi tí igi yóò wà."

"Ibi tí igi yóò wà yẹn, kò sẹ́ni níbẹ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Àwọn kan wà níbẹ̀."

"Kí ni wọ́n wá wí?"

"A ò tíì bi wọ́n, Màámi."

Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ ní àkókò mi ti tán.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára mi. Bí mo ṣe délé, mo bi Ìyá Ẹbùn léèrè ohun tí n kò bi í rí: irú igi tó ń jó, iye tó ń lò lọ́sẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń gé e. Ó dáhùn gbogbo rẹ̀ bí ẹni tó ti ń retí kí ẹnì kan bi í. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo bẹ Ọ̀gá kó bá mi wá síbẹ̀. Ó wọ bàtà dúdú rẹ̀ wá, ẹrọ̀fọ̀ sì bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ó wá. Ìyá Ẹbùn gbé àpótí fún un láti jókòó.

"Ọ̀gá, ẹ má rò pé ó wù wá láti gé igi tó ń gbà wá lọ́wọ́ omi," ló wí. "Kẹrosíìnì ò sí. Pákó àlòkù tí àwọn kápẹ́ńtà máa ń fún wa, kò sí mọ́, torí ẹnikẹ́ni ò kọ́lé. Kí la ó fi yan ẹja?"

"Bí a bá gbin igi ìdáná fún yín sórí ilẹ̀ gbígbẹ ńkọ́, mà?"

"Ta ni yóò máa bomi rin ín?"

Ọ̀gá wò mí. Ìyá Ẹbùn kò dúró de ìdáhùn. "Àwa la ó bomi rin ín. Ẹ ṣáà jẹ́ ká wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó ń jẹ lára igi ló ń ṣọ́ ọ."

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ya ìwé tuntun. Mo fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní àwọ̀ ìyeyè sórí ilẹ̀ gbígbẹ, fún ilé àti ààrò àwọn obìnrin náà. Mo fi oko igi ìdáná sí ẹ̀yìn wọn, mo sì dá gbogbo ẹrọ̀fọ̀ iwájú padà fún igi etí ọ̀sà. Ọ̀gá tẹ̀ ba lé e lórí, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Èyí dára ju tèmi lọ." Ó wá ní kí n kọ orúkọ mi sí igun rẹ̀, lábẹ́ orúkọ òun. Láti ìgbà tí mo ti wọ Nàìjíríà, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún ohun rere. Mo rìn láti Fọlá Agoro délé lọ́jọ́ náà, mi ò wọ mọ́tò. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Ẹbùn, ó pe àwọn obìnrin yòókù, wọ́n sì ti ń pín ẹni tí yóò kọ́kọ́ máa bomi rin igi tí kò tíì sí.

Èmi ni mo gbé ìwé náà tẹ̀ lé Ọ̀gá lọ sí ọ́fíìsì ológun tí ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò pariwo, kò sì burú lójú. Ó tẹ́ ìwé náà sílẹ̀, ó fi pẹ́ńsù tọ ìlà ìyeyè mi.

"Àwọn wo nìwọ̀nyí?"

"Àwọn tó ń yan ẹja ni, sà," ni Ọ̀gá dáhùn. "Wọ́n ti gbà láti máa tọ́jú igi náà."

"Ọmọ ìlú yìí ni wọ́n?"

"Ọ̀pọ̀ wọn wá láti etí òkun Òndó, sà."

"Àwọn àjèjì tí kò níwèé ńkọ́? Wọ́n wà láàárín wọn?"

Ọ̀gá kò wò mí. Mo rí i pé ó ń gbìyànjú láti má wò mí. "N kò mọ̀, sà."

"Ètò igi la ní kí ẹ ṣe, a ò ní kí ẹ ṣètò ẹja." Ó ká ìwé náà, ó gbé e padà fún mi bí ẹni tó ń dá abọ́ òfìfo padà. "Gbogbo etí omi, àwọ̀ ewé. Mo fẹ́ ẹ lọ́jọ́ Ajé."

Ọ̀gá wa mọ́tò dé Ṣómólú. Nígbà tó pa ẹ́ńjìnnì, ó ní, "Ọmọ mẹ́rin ni mo ní."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni wọ́n kéde lórí rédíò pé kí gbogbo àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ. Mi ò níwèé kankan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo kùn ún. Ilé ìtẹ̀wé ti tì, tábìlì dúró jẹ́ẹ́, ọwọ́ mi sì dúró jẹ́ẹ́ bákan náà. Mo fi abẹ fá àwọ̀ ìyeyè kúrò lórí bébà, mo po àwọ̀ ewé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti apá òkè. Ilé Ìyá Ẹbùn kò tóbi ju hóró ìrẹsì kan lọ lórí ìwé. Mo lè kọ̀. Wọn ì bá wá ẹlòmíràn, bóyá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ tó tèmi, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ì bá sì rí bákan náà. Ṣùgbọ́n kì bá tí jẹ́ èmi. Mo ti wo ọ̀rọ̀ yìí yípo fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ náà ni mo ń bọ́ sí. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ro pé bí mo bá kọ̀, Ọ̀gá yóò lé mi, bó bá sì lé mi, kò sí ẹni tí yóò bò mí. Nígbà tí mo kùn ún tán, mo fi abẹ kan náà fá orúkọ mi kúrò ní igun rẹ̀.

Mo délé, Ìyá Ẹbùn ti bu oúnjẹ mi pamọ́, ó sì fi orí ẹja àrọ̀ sí i, nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó bi mí bí ìwé wa ṣe ń lọ sí. Mo ní ó ń lọ. Mo jẹun tán, mo fọ abọ́.

Mo sọ fún ara mi pé ìjọba kì í ṣe ìdajì ohun tó bá kọ sórí bébà. Èyí ni wọ́n wá ṣe. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni katakata méjì dé pẹ̀lú sójà. Wọn kò lu ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún àwọn ènìyàn láyè láti kó ẹrù, ṣùgbọ́n ẹja ti wà lórí iná, kò sì sí ibi tí ènìyàn lè gbé ẹja tí kò tíì jiná lọ. Ìyá Ẹbùn yọ àwọn àwọ̀n irin tó fi ń yan ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jó o lọ́wọ́, kò jù wọ́n sílẹ̀. Ilé pákó kì í pariwo bó bá ń wó. Ó kàn jókòó sínú omi.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí Ìyá Ẹbùn ń lọ ni a sá lọ. Ọ̀pọ̀ wa ló tẹ́ ẹní sábẹ́ òrùlé kan. Ní ọjọ́ kẹta, sójà méjì wọlé, wọ́n ń wá àwọn tí kò níwèé. Ọ̀kan nínú wọn nawọ́ sí mi. Kí n tó la ẹnu, Ìyá Ẹbùn ti dìde.

"Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni," ló wí. "Ìlàjẹ ni. Ilé kan náà la ti wá."

Sójà ní kí n sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́. Mo sọ èdè Ìlàjẹ tí mo kọ́ lẹ́nu rẹ̀, gbogbo èyí tí mo mọ̀. Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ gbọ́ pé n kò sọ ọ́ dáadáa. Kò sí èyí tó yí ojú padà nínú wọn. Sójà náà, tí kò gbọ́ ju Yorùbá díẹ̀ lọ, mi orí, ó kọjá.

Nínú oṣù yẹn ni Ràfíù fi ránṣẹ́ pé bàbá mi ti kú, pé wọ́n ti sin ín. Mo lọ jókòó nílé tẹlifóònù fún odindi ọjọ́ kan. Wọn kò pe orúkọ mi.

Ológun mìíràn gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn ológun, ètò wa sì wọ inú àpótí irin kan, kò jáde mọ́. Kò sẹ́ni tó gbin igi kankan. Etí omi wà lófìfo fún ọdún díẹ̀, àwọn ènìyàn ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó iyanrìn dí i, àwọn tó lágbára sì kọ́lé sórí rẹ̀. Omi ṣì ń wọ Ladi-Lak bí òjò bá pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè, mo lọ sí Sàkété. Ìyá mi dì mọ́ mi, ó tú mi sílẹ̀, ó ní, "O ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Èkó." Ó rẹ́rìn-ín sí i, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń tẹ́tí sí mi bí ènìyàn ṣe ń tẹ́tí sí àlejò. Mo padà sí Ṣómólú láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Mi ò lè sọ pé mo padà sílé. Ibi tí ẹrù mi wà ni mo padà sí.

Ìyá Ẹbùn kò sí ní Bàrígà mọ́ nígbà náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ sójà yẹn ni ó ti pinnu láti padà sí etí òkun. Mo bá a gbé ẹrù rẹ̀ dé ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń gbéra. Ó ti jókòó sínú ọkọ̀, àwọn àwọ̀n irin rẹ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí n tó lè sọ ọ́.

"Ìyá Ẹbùn, àwòrán ilẹ̀ yẹn, èmi ni mo kun ibi ilé yín ní àwọ̀ ewé."

Ó wò mí. Ó tún okùn ẹrù rẹ̀ dì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dì í tẹ́lẹ̀.

"Ọjọ́ wo?"

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ẹ fi orí ẹja àrọ̀ pamọ́ fún mi."

"Kó o tó jẹ ẹ́ ni, àbí lẹ́yìn tó o jẹ ẹ́?"

"Kí n tó jẹ ẹ́, mà."

Ó mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́kọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì, kò ṣiṣẹ́, ó tún fà á. Mo rò pé kò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń wúkọ́, ó bi mí, "Igi yẹn ńkọ́? Ṣé wọ́n á gbìn ín?"

Mo ní wọ́n á gbìn ín.

"Ó dáa," ló wí. Ó gbé ojú rẹ̀ kúrò lára mi sí ojú omi, ọkọ̀ sì gbéra.